Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin adájọ́ tuntun, láti ọwọ́ ògbufọ̀ kan ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin adájọ́ tuntun,

Ẹ kú oríire ìdánwò. Ẹ kú àìsùn orí ìwé, ẹ sì bá mi kí àwọn òbí yín kú ìnáwó. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ju ọmọ tí mo bí lọ. Síbẹ̀, ká ní mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ẹ̀wù dúdú yẹn wọlé, èmi ni ǹ bá dìde fún yín, tí ǹ bá sì máa pè yín ní Monsieur le Président. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, n kò bá yín jà sí i.

Ògbufọ̀ ni mí. Ketu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, ni mo lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi dúró láàárín àga adájọ́ àti ibi tí ẹni tó lẹ́jọ́ máa ń dúró sí. Mò ń gbé Faransé sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá, mo sì ń gbé Yorùbá gòkè lọ bá adájọ́ ní Faransé. Nígbà mìíràn wọn a ní kí n bá wọn tú èdè Gùn náà. Mo ti tú ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ olè, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ẹjọ́ ẹni tó fi mọ́tò pa ọmọ ọlọ́mọ. Ní ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Mo rò pé n ó máa sùn dáadáa, àmọ́ ìgbà tí iṣẹ́ tán ni àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti tú wá ń padà wá bá mi lóru.

Ní gbangba ni mo ṣe kọ ìwé yìí, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: n kò mọ ibi tí òdodo ń gbé nínú òfin mọ́. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń dùn mí jù.

Obìnrin kan ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, gààrí àti ẹ̀wà ló ń tà. Òun àti ìyá kan tí wọ́n jọ ń pàtẹ sábẹ́ igi kan náà ló jà lọ́jọ́ ọjà. Ìyá yẹn ṣubú, apá rẹ̀ kán. Wọ́n mú ọmọbìnrin yìí, ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó mú un wá síwájú adájọ́. Ilé ẹjọ́ wo ni? Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Adájọ́ tó jókòó lọ́jọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, òun kọ́ ni mo wá fẹ̀sùn kàn.

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ní kó lọ wọ̀ ọ́ padà. Nígbà tó dé iwájú, ó kúnlẹ̀. Adájọ́ ní kí n sọ fún un kó dìde, mo sì sọ fún un. Ó dìde, àmọ́ orúnkún rẹ̀ kò nà tán, ó wà láàárín ìdúró àti ìkúnlẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá ó gbà pé òun ṣe ohun tí wọ́n fi kàn án. Mo tú u fún un. Ó ní:

"Mo jẹ̀bi, bàbá. Ẹ má bínú. Mo jẹ̀bi."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá láti inú ilé, ẹ mọ ohun tó sọ. Bí ìyá ẹni bá ń báni wí, tí a kò tiẹ̀ tíì mọ ohun tí a ṣe, a ó kúnlẹ̀, a ó ní "mo jẹ̀bi, ẹ má bínú". Bí ìyàwó ilé àti ìyá ọkọ bá ní gbólóhùn asọ̀, tí àwọn àgbà dá sí i, ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, ìbáà jẹ́ òun ló jàre. Ohun tó ń sọ ni pé: mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kí inú rọ̀, kí n lè rojọ́ tèmi. Ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn tí a bá ti sọ ọ́ ni àgbà máa ń wí pé, "Ó dáa, dìde. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Wọ́n tiẹ̀ máa ń pa á lówe pé ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀.

Àyè tí mo ní kò ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Faransé tí mo gbọ́ kò ní ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Mo sì ti búra lọ́jọ́ tí mo gba iṣẹ́ pé ohun tí mo bá gbọ́ ni n ó sọ, n kò ní fi kún un, n kò ní yọ kúrò nínú rẹ̀. Mo ní: "Elle dit qu'elle est coupable." Ìyẹn ni pé, ó ní òun jẹ̀bi ẹ̀sùn náà. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ bí bírò rẹ̀ ṣe ń há ìwé.

Adájọ́ ṣì bi í ní ìbéèrè méjì mẹ́ta sí i. Ó dáhùn pé ìyá yẹn ló kọ́kọ́ da gààrí òun nù, pé ẹsẹ̀ igi àtẹ ló gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń sọ ti ń gba abẹ́ "coupable" kọjá, ó ti di àwáwí ẹni tó ti jẹ́wọ́. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Nígbà tí mo tú u fún un, ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wò mí, ó ní: "Ìyá, wọn kò tíì bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀."

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ẹrú ni mo jẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀hún, mo fi òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó ti ìyá yẹn tàbí kò tì í. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó tì í lóòótọ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé òfin kò fo ìgbésẹ̀ kankan. Ògbufọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn, wọ́n kọ ọ́. Bí ẹ bá ṣí ìwé ẹjọ́ náà lónìí, ẹ kò ní rí ibi tó ti wọ́. Èmi àti òun nìkan la mọ̀ ọ́n. Báwo ni ohun gbogbo ṣe lè tọ́ báyìí, kí òdodo má sì sí níbẹ̀?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fura sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wo orí ìwé ìjọba wa: Fraternité, Justice, Travail. Ìfẹ́ ọmọ ìyá ni èkíní, iṣẹ́ ni ìkẹta, Justice ló wà láàárín. Mo ti tú u ju bí mo ṣe lè kà lọ, n kò sì tíì tú u bó ṣe tẹ́ mi lọ́rùn rí. Ní Faransé, justice ni ilé tí ẹ máa jókòó sí, justice ni iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, justice náà sì ni ohun tí mẹ̀kúnnù ń sunkún fún. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé ẹjọ́ jẹ́ ilé, ó ní àga, ó ní fèrèsé. Ìdájọ́ ni ohun tí adájọ́ ń ṣe níbẹ̀. Ó lè gún, ó lè wọ́. Ẹ̀tọ́ ni ohun tó tọ́ sí ẹnìkan. Òdodo tún wà lọ́tọ̀. A máa ń sọ pé "ìdájọ́ òdodo". Ẹ ronú sí i: ẹni tó kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ti mọ̀ pé ìdájọ́ wà tí kì í ṣe òdodo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi òdodo ṣe lẹ́yìn ìdájọ́?

Ìbẹ̀rù mi ni pé ẹ̀yin tí ẹ fi Faransé kọ́ òfin lè má rí àlàfo tó wà láàárín wọn, nítorí èdè tí ẹ fi kọ́ ọ ti dí i pa. Bí ẹ bá ti jókòó nínú la justice, ẹ lè rò pé ẹ ti débẹ̀ nìyẹn.

Orí ìdájọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé lórúkọ àwọn ènìyàn Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n dá a. Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan pàdánù ẹjọ́ ilẹ̀. Ó ti tẹ̀ka sí ìwé títà kan ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ìwé owó tí òun yá ni. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà sì jókòó níbẹ̀, òun náà ti sanwó, ó ti kọ́ ilé, kì í ṣe jàgùdà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdájọ́. Bàbá náà dá mi dúró: "Lórúkọ ta ni?" Mo ní lórúkọ gbogbo wa, àwa ènìyàn Bẹ̀nẹ̀. Ó ní: "Èmi náà ńkọ́? Ṣé orúkọ mi náà ni wọ́n fi gba ilẹ̀ mi?" Adájọ́ bi mí pé kí ló wí. Mo ní kò wí nǹkan kan. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ọ́mọ̀ da ìbúra mi nìyẹn. Ojú ń tì mí fún un. Ṣùgbọ́n kò tì mí tó ti ọjọ́ tí mo pa ìbúra náà mọ́ lórí ọmọbìnrin alágààrí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ bí wọ́n bá kà á dé ibí. Wọ́n á ní ìwé òyìnbó ló bà wá jẹ́, ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ igi, kí àwọn àgbà máa dájọ́ bí ti àtijọ́. Rárá o. Mo ti jókòó sábẹ́ igi yẹn.

Bàbá wa kú ní Ketu ní 2009. Ọmọ méje la jẹ́, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́ta. Ó fi oko sílẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú àwọn ìdí ọsàn tí èmi àti ìyá mi ń fi orí ru omi bomi rin nígbà tí wọn kò tíì ga tó mi. Nígbà tí a ṣe òkú tán, ẹbí pé jọ láti pín in. Àbúrò bàbá wa àti àwọn ọkùnrin jókòó sórí àga, àwa obìnrin jókòó sórí ẹní. Mo ti gbé ìwé òfin ẹbí láti Àjàṣẹ́ wá, mo fi ọ̀rá wé e kí òjò má baà pa á.

Ẹ mọ òfin náà jù mí lọ. Code des personnes et de la famille, nọ́ńbà 2002-07, tí ó di òfin ní 24 oṣù kẹjọ 2004. Ọmọ ni ọmọ ń jẹ́ nínú rẹ̀, kò sí pé èyí jẹ́ ọkùnrin, èyí jẹ́ obìnrin, bí ogún bá dé. Ní ìparí rẹ̀, ó ní àṣà kò ní agbára òfin mọ́ lórí ohunkóhun tí ìwé náà bá ti sọ̀rọ̀ lé. Mo kà á fún wọn, mo sì tú u, iṣẹ́ mi kúkú ni.

Àbúrò bàbá mi gbọ́ mi dé òpin. Ó fẹ́ràn mi, òun ló kọ́kọ́ fà mí lọ́wọ́ dé ilé ìwé. Ó ní: "Ó dáa, ọmọ mi. Ìwé yẹn, ta ló kọ ọ́?" Mo ní àwọn aṣòfin ni, ní Àjàṣẹ́. Ó ní: "Ṣé wọ́n wá bi wá léèrè?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní bí a bá fún obìnrin ní ilẹ̀, ilé ọkọ ni a fún. Wọ́n pín oko náà sí mẹ́rin. Àwọn obìnrin gba aṣọ bàbá wa àti àkéte rẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà ṣì ń rùn bí ìpara tó fi ń pa ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè àbúrò bàbá mi yẹn kò tíì fi mí sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká bi àṣà náà léèrè bákan náà. Nígbà tí mo padà sí Àjàṣẹ́, mo wá ìwé kà. Ní 1931, ìjọba Faransé kó ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ àṣà ilẹ̀ wa jọ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Coutumier du Dahomey, ìwé àṣà ilẹ̀ Dahomey, orúkọ tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin kò ní agbára kankan níwájú òfin, pé ara dúkìá ọkùnrin ni, ara ogún rẹ̀ ni. Ta ni wọ́n bi léèrè? Kì í ṣe ìyá ìyá mi, ẹni tó ń ná ọjà láti Ketu dé Mẹ̀kọ, tí àwọn ọkùnrin ń yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn adájọ́ tẹ̀lé ìwé yẹn títí òmìnira fi dé ní 1960, wọ́n tún tẹ̀lé e lẹ́yìn òmìnira. Ó di 1996 kí Cour constitutionnelle, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀, tó sọ ọ́ gbangba pé kò ní agbára òfin. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi báyìí pé "àṣà wa nìyí", mo máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ti àwọn ìyá wa ni, tàbí ti akọ̀wé òyìnbó kan tó bi ọkùnrin mẹ́ta léèrè.

Ẹ má rò pé mo ti wá fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú òfin 2004 náà. Nígbà tí àwọn aṣòfin kọ́kọ́ dìbò fún un ní 2002, Cour constitutionnelle dá a padà: ó gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, kò sì gba obìnrin láyè irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ìpìlẹ̀ 1990 ti ní ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin dọ́gba. Wọ́n tún un ṣe, ó wá di pé ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin mọ̀. Ìdọ́gba nìyẹn, kò sí ẹni tó lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n tú u fún obìnrin kan tó bí ọmọ márùn-ún, tó bá ọkùnrin ṣe oko títí ìka rẹ̀ fi wọ́, pé kì í ṣe ìyàwó. Nítorí ìdọ́gba àwọn obìnrin ni òfin ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún un. N kò mọ ohùn tí ènìyàn fi ń tú irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìtanràn náà ńkọ́? Iye kan náà fún ẹni tó ń ta epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà àti fún ẹni tó ní ọkọ̀ ńlá mẹ́wàá. Dọ́gbadọ́gba ni.

N kò pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́jọ́. Ìyá mi ń gbé nínú agboolé ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Òun ló ń bọ́ ọ. Mo mọ òfin, mo mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́, mo mọ akọ̀wé tó ń gba ìwé, mo sì jókòó sílé. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin kan dé iwájú wa, ohun tí mo sá fún gan-an ló wá ṣe. Ó pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ogún bàbá wọn. Ẹjọ́ náà falẹ̀, àmọ́ ó jàre. Nígbà tí mo tú u fún un pé ìpín rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, ojú tèmi ni omi ti bọ́. Òun kàn ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ ìgbátí ìró rẹ̀.

A tún pàdé ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí. Mo yọ̀ mọ́ ọn, mo bi í bóyá àgbàdo ti jáde. Ó ní òun kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó lé òun. Kò sí ẹni tó kí òun ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ sílé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò ti ilé bàbá rẹ̀ wá jókòó tì í. Ó ní: "Ìyá, mo jàre. Àmọ́ ta ni n ó bá jẹ ẹ́?"

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún lẹ́nu rẹ̀. Jẹ àre, jẹ ẹ̀bi. Bí oúnjẹ ni a ṣe ń sọ ọ́, oúnjẹ àdájẹ kì í sì dùn. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ti máa ń rò pé òwe àwọn ọ̀lẹ ni, tó ń bẹ̀rù ẹjọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kì í ṣe ti òfin. Àmọ́ bí òfin bá fún mi ní ohun tí n kò lè jẹ, ṣé ó ti fún mi? Bí kò bá sì fún mi nítorí pé n kò ní lè jẹ ẹ́, ǹjẹ́ àwọn tó ń dí mi lọ́nà kọ́ ni ó gbọ́ tiwọn nìyẹn? Èyí ni mo ń yí po lóru. Wọ́n ní tribunal de conciliation, ilé ẹjọ́ ìlàjà, wà fún irú èyí, kí wọ́n parí ìjà kó tó di ẹjọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìlàjà láàárín ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí kò ní nǹkan. Ẹni tí kò ní nǹkan ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀ pé kó fi ti Ọlọ́run ṣe.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibì kan wà tí mo rò pé mo ti fi ojú mi rí òdodo. Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni, ní Ketu. Ẹ ti gbọ́ orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001. Lóru tó ṣáájú ìjó, akọrin Ẹ̀fẹ̀ á jáde, ohun tó bá sì sọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un fún un, ìbáà jẹ́ ìjòyè ló kọrin bá. Lọ́dún kan, ó kọrin lé ọkùnrin kan tó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù opó àbúrò rẹ̀. Kò dárúkọ, ó kàn sọ àwọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń gùn. Gbogbo ọjà gbè é, àwọn obìnrin ń ṣẹ́wọ́ sí i, èmi náà gbè é lẹ́yìn ìyá mi. Kò pẹ́ tí ẹrù opó fi padà sílé rẹ̀. Kò sí agbẹjọ́rò, kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí Faransé. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó báyìí, mo sì ń bi ara mi pé ta ló gbọ́ tẹnu ọkùnrin yẹn. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí akọrin bá ṣìnà ńkọ́, níbo ni ènìyàn ti ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí orin?

Ẹ rí i pé n kò ní ibi tí mo lè tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni, ẹ lọ síbẹ̀. Ohun tí mo ní kò ju ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ lọ, ti ẹni tó ti dúró nítòsí.

Ẹ̀bẹ̀ mi àkọ́kọ́ jẹ́ ti ògbufọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ọmọ Nàtìtíngú, ní àríwá lọ́hùn-ún, nínú yín wá sí ilẹ̀ Ketu, kí wọ́n gbé ọmọ Ketu lọ sí Nàtìtíngú. Ẹnu ògbufọ̀ ni ẹ máa fi gbọ́ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un láyè láti sọ pé, "Monsieur le Président, ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ méjì." Fún ọdún mẹ́tàlélógún, n kò rí adájọ́ tó sọ fún mi pé mo lè sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì ní ìgboyà láti béèrè. Bí ẹnìkan bá kúnlẹ̀ níwájú yín, ẹ má sáré ní kó dìde kí ẹ tó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ń sọ. Bí ó bá ní òun jẹ̀bi, ẹ bi í ní ìbéèrè tí àgbà ilé máa ń béèrè: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Bí ẹ bá sì dá ẹjọ́ tán, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ iye oṣù àti iye owó nìkan ni wọn yóò tú fún ẹni náà. Ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ dúró kí wọ́n tú ìdí náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo ti rí ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n láìmọ ohun tí adájọ́ gbà gbọ́ àti ohun tí kò gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ̀bi pàápàá, ó yẹ kó mọ ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Ó ku ohun kan tó jẹ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ ta apá kan nínú oko bàbá wa, apá ibi tí ìdí ọsàn wà. Ẹni tó fẹ́ rà á ní òun kò ní san kọ́bọ̀ láìrí ìwé ìpàdé ẹbí tí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí, ọkùnrin àti obìnrin, tí ilé ẹjọ́ sì gbà wọlé. Òfin tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni oníbàárà wá mú bá wọn báyìí. Wọ́n fi ìwé náà rán zemijan, ọlọ́kadà, sí mi. Orúkọ mi wà ní ìlà karùn-ún. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo yọ̀ǹda ìpín mi fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi tọkàntọkàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní: "Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó di ilé ẹjọ́." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn bàbá wa ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Ìyá wa ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn; òun ni n kò fẹ́ kó jìyà nígbà náà.

Bí mo bá fọwọ́ sí i, ọ̀kan nínú yín ni ìwé náà lè dé iwájú rẹ̀, kò sì ní rí àbùkù kankan nínú rẹ̀. Bí n kò bá fọwọ́ sí i, òfin wà lẹ́yìn mi, ó sì lè jẹ́ pé èmi náà ni n ó wà nínú ọjà Ouando ní ọdún tó ń bọ̀, tí n ó máa sọ fún ẹnìkan pé mo jàre.

Ìwé náà wà lórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mò ń kọ sí yín. N kò tíì fọwọ́ sí i.

Èmi ni,
ògbufọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́.